Nígbà Tí Dókítà Bá Padà Sí Ẹnu Ẹ̀kọ́: Ọ̀rọ̀ Nípa Kíndìnrín

Ìráhùn kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará tí wọ́n bá ti ilé ìwòsàn dé. Wọ́n á ní, "Pásítọ̀, ìdájí la ti dé ibẹ̀, a gba nọ́ńbà, a jókòó títí oòrùn fi kan àtàrí, ìgbà yẹn ni nọ́ọ̀sì wá sọ pé dókítà àgbà kò sí, pé wọ́n lọ sí ìpàdé ẹ̀kọ́." Àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa fi ẹ̀rín sí i pé, "Ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀kọ́ wo ló tún kù fún un láti kọ́?"

Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀. Ìdáhùn tiwa nìyí: ní ti ọ̀ràn kíndìnrín àti ọ̀nà ìtọ̀, dókítà tó bá jáde ní yunifásítì ní ọdún 1990 tí kò sì kọ́ ohun mìíràn mọ́ láti ìgbà náà, ewu ni ó jẹ́ fún ẹni tó bá jókòó síwájú rẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn olùkọ́ rẹ̀ purọ́ fún un. Ohun tí wọ́n mọ̀ nígbà náà ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ti kúrò níbi tó wà, àwọn kan nínú ohun tó sì yí padà kan ẹ̀jẹ̀ àwa ọmọ Yorùbá gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rán ara wa létí iṣẹ́ tí kíndìnrín ń ṣe. Méjì ni, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, lọ́nà ẹ̀yìn, nísàlẹ̀ egungun ìhà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju ìkúùkù àgbàlagbà lọ, ṣùgbọ́n asẹ́ kéékèèké tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Láàárín ojúmọ́ kan, omi tí àwọn asẹ́ yìí ń sẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ tó nǹkan bíi lítà 180. Wọ́n á dá èyí tó pọ̀ jù lọ padà sí ara, wọ́n á sì fi lítà kan tàbí méjì ránṣẹ́ sí àpò ìtọ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí tí ara kò fẹ́. Wọ́n tún ń bá wa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń ran ara lọ́wọ́ kí ẹ̀jẹ̀ tuntun lè máa jáde.

Òṣìṣẹ́ tí kì í pariwo ni kíndìnrín. Ó lè pàdánù ìdajì agbára rẹ̀ kí ẹni tó ni ín má mọ̀ rárá, kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní creatinine pàápàá ṣì máa wí pé kò sí nǹkan kan. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti ń wú, tí ojú ń wú láàárọ̀, tí oúnjẹ kò lọ lẹ́nu, tí èébì ń gbé ni, ọ̀ràn ti pẹ́ nílẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ojú dókítà àti ìbéèrè tí ó mọ̀ ọ́n bi ṣe pàtàkì ju ohun tí aláìsàn ń rò lára rẹ̀ lọ.

Irú dókítà méjì ló ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì mọ ìyàtọ̀. Ẹni tí wọ́n ń pè ní nephrologist kì í ṣe oníṣẹ́ abẹ. Oògùn, àyẹ̀wò àti ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni tirẹ̀. Urologist ni oníṣẹ́ abẹ: òun ló ń yọ òkúta, tí ń tú ọ̀nà ìtọ̀ tó dí, tí ń tọ́jú próstéètì àwọn bàbá. Àwọn méjèèjì ní láti mọ iṣẹ́ ara wọn dé àyè kan, nítorí ìtọ̀ tí kò bá rí ọ̀nà jáde yóò padà sẹ́yìn, yóò sì ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń dìde tọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lóru, tí ìtọ̀ náà kò sì tán nínú, tí ẹ ń pè é ní ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, ẹ gbọ́ o. Ẹ̀yin ìyá pẹ̀lú, bí ẹ bá bí ọmọkùnrin, ẹ máa wo bí ìtọ̀ rẹ̀ ṣe ń jáde. Bí kò bá ta síta, tó kàn ń kán tó, tó, tó, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Awọ tín-ín-rín kan wà tí wọ́n máa ń bí mọ́ àwọn ọmọkùnrin mìíràn, tí ń dí ọ̀nà ìtọ̀ láti inú oyún. A lè gé e kúrò, ṣùgbọ́n kíndìnrín tí ó bá ti bàjẹ́ kí a tó gé e kò ní padà bọ̀ sípò.

Ẹ wo ọ̀ràn òkúta inú kíndìnrín. Kí ọdún 1980 tó dé, bí òkúta bá tóbi, ẹ̀gbẹ́ aláìsàn ni wọ́n sábà máa ń là láti mú un jáde. Ní oṣù kejì ọdún 1980, ní ìlú Munich ní Jámánì, Christian Chaussy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ẹ̀rọ kan lára ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rọ tó ń ti ìta ara rán ìgbì wọlé láti fọ́ òkúta wẹ́wẹ́, kí aláìsàn lè tọ̀ ọ́ jáde, láìfi ọ̀bẹ kàn án. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pá tín-ín-rín tó ní ojú wá wọ́pọ̀, èyí tí wọ́n ń ti ojú ihò ìtọ̀ gbé gòkè, pẹ̀lú iná léésà tí ń fọ́ òkúta níbi tó wà. Oníṣẹ́ abẹ tó kọ́ bí a ti ń la ẹ̀gbẹ́ kò lè tipa ìwé kíkà nìkan mọ bí a ti ń lo léésà. Ó ní láti lọ jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ó fi ọwọ́ dán an wò lára ère rọ́bà, kí ó wo ẹlòmíràn níbi tí ó ti ń ṣe é, kí ẹlòmíràn sì wo òun náà, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ ènìyàn. Ara ìpàdé ẹ̀kọ́ tí à ń ráhùn sí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tuntun nìkan ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ohun àtijọ́ tí kò gbọdọ̀ di ìgbàgbé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1937, ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ diethylene glycol po oògùn olómi kan, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 100. Kíndìnrín ni májèlé yìí máa ń bá jà. Ní ọdún 1990, májèlé kan náà wọ inú parasítámọ́ọ̀lù olómi ní orílẹ̀-èdè wa, ọmọ 47 sì kú. Ní ìparí ọdún 2008 wọ inú 2009, ó tún yọjú ní Nàìjíríà, nínú oògùn tí àwọn ìyá ń fún ọmọ tí ń yọ eyín. Àwọn ọmọ tó kú lé ní 50. Ní ọdún 2022, ó dé Gambia nínú oògùn ikọ́ àti oògùn ibà àwọn ọmọdé, nǹkan bí ọmọ 70 ni ó sì bá a lọ.

Ẹ rò ó wò ná. Wọ́n gbé ọmọ ọdún kan wá tí ara rẹ̀ ń gbóná, tí ó ń bì, tí kò sì tọ̀ láti àná. Ní ilẹ̀ wa níbí, ibà ni ojú ẹnikẹ́ni yóò kọ́kọ́ lọ sí, tàbí pé omi ti gbẹ lára ọmọ. Ẹni tí a ti sọ ìtàn 1990 fún, tí a sì tún un sọ fún, ni yóò yíjú sí ìyá ọmọ pé, "Màmá, kí lẹ fún un mu? Ẹ lọ gbé ìgò náà wá." Ní Gambia, onímọ̀ kíndìnrín kan ló kọ́kọ́ pariwo, nítorí ó rí i pé àwọn ọmọ tí kíndìnrín wọn dẹ́kun iṣẹ́ lójijì ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sí ẹ̀rọ tó lè bá dókítà bi irú ìbéèrè yẹn bí kò bá sí lọ́kàn rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe ju ìgò oògùn ọmọ nù títí ara rẹ̀ yóò fi yá, kí ẹ sì máa wo nọ́ńbà NAFDAC kí ẹ tó rà á.

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí dùn wá, a kò ní fi bò. Láti mọ bí kíndìnrín ṣe lágbára tó, àwọn dókítà máa ń fi creatinine, ọjọ́ orí, àti bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni, ṣe ìṣirò kan. Àwọn ìlànà ìṣirò tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1999 àti 2009 wá pa á láṣẹ pé bí aláìsàn bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú, kí wọ́n fi àfikún sí i: nǹkan bí 21 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ti àkọ́kọ́, nǹkan bí 16 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ti èkejì. Ẹ ò rí i? Ẹni tí ìṣirò rẹ̀ jẹ́ 18, àfikún yóò sọ ọ́ di 21. Bẹ́ẹ̀ sì ni pé ní Amẹ́ríkà, láti 20 wá sísàlẹ̀ ni ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ sí ka ọjọ́ lórí ìlà àwọn tó ń dúró de kíndìnrín tuntun. Ìyàtọ̀ nọ́ńbà mẹ́ta yìí lè jẹ́ ìyàtọ̀ ọdún púpọ̀ fún arákùnrin wa kan ní Houston tàbí arábìnrin wa kan ní Chicago.

Ní ọdún 2021 ni àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ kíndìnrín ní Amẹ́ríkà yọ àfikún náà kúrò, tí wọ́n sì gbé ìṣirò tuntun jáde tí kò wo àwọ̀ ẹnikẹ́ni. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n tún pa á láṣẹ fún àwọn ilé ìwòsàn tí ń pààrọ̀ kíndìnrín pé kí wọ́n wá orúkọ àwọn aláwọ̀ dúdú tí ìṣirò àtijọ́ fa sẹ́yìn, kí wọ́n sì dá àkókò tí wọ́n pàdánù padà fún wọn. Àwọn oníwàádìí ní Áfíríkà náà ti rí i pé àfikún ọ̀hún kò bá bí ara wa ṣe rí mu. Ṣùgbọ́n ìwé àtijọ́ kì í fúnra rẹ̀ parẹ́. Ó ṣì wà lórí pẹpẹ, ó ṣì wà lórí dókítà tí kò padà lọ kẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí èyí tó sún mọ́ wa jù lọ. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń rí i ní Amẹ́ríkà pé àrùn kíndìnrín ń mú àwọn aláwọ̀ dúdú ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Àwọn kan ní òṣì ló fà á, àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, gbogbo rẹ̀ sì ní òótọ́ tirẹ̀ nínú. Ní ọdún 2010, ìwádìí tú àṣírí mìíràn: àbùdá àjogúnbá kan wà tí wọ́n ń pè ní APOL1, tí ẹ̀yà rẹ̀ méjì kan lè ṣe kíndìnrín níjàǹbá. Ọ̀dọ̀ àwọn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni àwọn ẹ̀yà náà ti pọ̀ jù, àwa Yorùbá sì wà lára àwọn tí wọ́n ti rí i lọ́pọ̀lọpọ̀.

Kí ló dé tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fi wà lára wa? Ẹ̀yin tí ẹ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù kí ìjọ tó so yín pọ̀ yóò tètè lóye rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé AS máa ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ibà líle, ṣùgbọ́n bí bàbá bá fún ọmọ ní S, tí ìyá náà tún fún un ní S, SS nìyẹn. Ọ̀rọ̀ APOL1 fara jọ ọ́. Ó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti pa kòkòrò àìsàn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Àwọn baba ńlá wa tó ní in yè é, wọ́n sì bí ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, ewu wà fún kíndìnrín rẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ohun tó gba baba ńlá là ló wá ń dà ọmọ ọmọ láàmú.

Láti 2010 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà pé ẹni tó bá ní méjì ni ọ̀rọ̀ kàn, pé ẹyọ kan kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí ó di oṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn oníwàádìí Nàìjíríà àti Ghana, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní òkè òkun, gbé èsì àyẹ̀wò jáde lórí ènìyàn tó lé ní 8,000 ní orílẹ̀-èdè méjèèjì. Nínú ènìyàn mẹ́wàá, nǹkan bíi mẹ́ta ló ní méjì. Bíi mẹ́rin mìíràn ló ní ẹyọ kan. Ewu àrùn kíndìnrín fi nǹkan bí 25 nínú ọgọ́rùn-ún ga fún ẹni tó ní méjì. Ẹni tó ní ẹyọ kan ńkọ́? Tirẹ̀ náà fi nǹkan bí 18 nínú ọgọ́rùn-ún ga. Ohun tí dókítà kọ́ ní 2012 nìyẹn, tí ó ní láti tún kọ́ ní 2024. Inú wa dùn pé láti inú àwọn ilé ìwòsàn tiwa ni èsì yìí ti jáde, nítorí ó ti pẹ́ jù tí a ti ń fi àkọsílẹ̀ ara àwọn ẹlòmíràn tọ́jú ara wa.

A ní láti sọ ọ̀rọ̀ kan níbí kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wá gbọ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ní APOL1 yìí ni kò ní àrùn kíndìnrín láyé wọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí rẹ̀ tú àdéhùn ìgbéyàwó ká, a kò sì ní fi kún ìwé tí à ń gbà lọ́wọ́ àfẹ́sọ́nà. Ohun tí ó wúlò fún ni kí ẹni tí kíndìnrín bá ti pa bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí máa tètè lọ ṣe àyẹ̀wò.

Oògùn náà ń yí padà. Ní ọdún 2020, ìwádìí fi hàn pé dapagliflozin, oògùn tí wọ́n ti ń lò fún àwọn onítọ̀ ṣúgà, ń fa ìbàjẹ́ kíndìnrín sẹ́yìn kódà fún àwọn tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà rárá. Kí ẹnikẹ́ni má lọ fúnra rẹ̀ rà á ní kẹ́mísì o. Dókítà ló mọ ẹni tí ó yẹ fún.

Ǹjẹ́ ta ni ń rí sí i pé àwọn dókítà ń kẹ́kọ̀ọ́? Ní Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ MDCN tó ń fún wọn ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ máa ń béèrè máàkì ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó sọ ìwé náà dọ̀tun lọ́dọọdún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣiṣẹ́, láti ìparí ọdún 2012 ni dókítà ti ní láti fi hàn ní ọdún márùn-ún márùn-ún pé òun ṣì yẹ fún iṣẹ́. Ìpàdé àwọn oníṣẹ́ abẹ ọ̀nà ìtọ̀ ń wáyé lọ́dọọdún, àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH Ìbàdàn tí a mọ̀ sí Oríta Mẹ́fà náà máa ń pe àwọn dókítà wọn jọ láti gbé ọ̀ràn aláìsàn tó ta kókó yẹ̀ wò. Láti ìgbà kòrónà ní 2020, púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí ti wọ orí kọ̀ǹpútà àti fóònù. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni wúrà, ká sòótọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ oògùn máa ń náwó sí àwọn ìpàdé mìíràn, ẹni tó bá sì san owó ìlù, ó lè fẹ́ dá orin. Ó yẹ kí àwọn aláṣẹ máa ṣọ́ ìyẹn.

Ìráhùn àwọn ará wa náà ní òdodo tirẹ̀. Dókítà ti dín kù nítorí àwọn tó ń lọ sí òkè òkun, bí ẹnì kan ṣoṣo tó kù bá wá lọ sí ìpàdé, kò sí ẹni tí yóò dúró sí ipò rẹ̀. A rò pé ilé ìwòsàn lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí aláìsàn ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí ìyá arúgbó má ṣe ti Ìṣẹ́yìn wọ ọkọ̀ wá sí Ìbàdàn lásán.

Ohun tó wà nínú ewu kò kéré. Fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ó yẹ kí ó jẹ́ fún ọ̀pọ̀ aláìsàn. Kí ìjọba àpapọ̀ tó kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 pé òun dín owó rẹ̀ kù sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, ₦50,000 ni wọ́n ń gbà fún ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: ₦150,000 lọ́sẹ̀ kan. A ti rí ìdílé tó ta ilẹ̀, tó ta ọkọ̀, tí ìjọ dáwó fún, tí owó náà kò sì tó. Pípààrọ̀ kíndìnrín ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa láti ọdún 2000, ní Èkó, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni apá rẹ̀ ká a?

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá dé iwájú dókítà, ẹ ran ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú àpò kan lọ fún un: agbo, jẹ̀dí, oògùn ara ríro tí ẹ ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, àti ìpara tí ń bóra, nítorí àwọn mìíràn nínú ìpara náà ní mercury nínú, kíndìnrín ni ó sì máa ń bàjẹ́. Ẹ bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé protein wà nínú ìtọ̀ mi?" Páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí ni wọ́n ń tì bọ inú ìtọ̀ láti mọ̀ ọ́n, kò sì wọ́n. Ẹ tọ́jú ìwé àyẹ̀wò creatinine ti ọdọọdún, kí dókítà lè fi ti èṣí wé ti ọdún yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní àrùn kíndìnrín, tàbí òkúta, tàbí tí ẹ jẹ́ SS, kí ẹ tó wọ ààwẹ̀ gbígbẹ tí kò ní omi, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀, kí ẹ sì bá àwa pásítọ̀ yín sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. A kò ní bínú sí ẹni tó bá mu omi.

Ọjọ́bọ̀ kejì nínú oṣù kẹta ọdọọdún ni Ọjọ́ Kíndìnrín Lágbàáyé, láti ọdún 2006 ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Àwọn ilé ìwòsàn kan máa ń ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ní àkókò náà, àwọn dókítà a sì máa jáde lọ bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀. Kí Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá àti Ẹgbẹ́ Àwọn Bàbá ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn láti oṣù kìíní, nítorí bí ọjọ́ náà bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, ọwọ́ àwọn dókítà á ti kún.